Wharf Road Kí Ó Tó Kan Ọjọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Wharf Road ní Apapa, ẹrù ni wọ́n máa ń kà. Wọn a ní kòkó, ẹ̀pà àti èkùrọ́ ló gba ibẹ̀ jáde. Wọn a ní sìmẹ́ǹtì, àlìkámà, ẹja òkú Èkó àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló gba ibẹ̀ wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí bàbá mi ṣiṣẹ́ ní wáàfù, tí èmi fúnra mi sì fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ìtàn mìíràn mọ́ ọ̀nà yìí. Ọ̀nà tí ìdílé ń gbà jáde lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ kan ni, nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ wọ ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú tó lágbára. Wọn kì í pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan á kàn dìde láàárọ̀, á ní kí gbogbo ilé múra. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí Apapa tó di èbúté, ìrìn àjò aláìsàn lórí omi Èkó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀rín sọ. Iyanrìn tó ga lábẹ́ omi, níbi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá kọjá. Ọkọ̀ tó bá ti Liverpool bọ̀ a dúró sí ìta lójú agbami, ọkọ̀ kékeré a sì wá lọ pàdé rẹ̀. Inú àpótí onígi kan tí wọ́n so kọ́ ẹnu kéréènì ni èrò máa ń jókòó sí. Wọn a gbé e sókè, wọn a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń jù síwá jù sẹ́yìn. Ẹ fi ojú inú wo ẹni tí ibà ti mú, tàbí ẹni tí inú rẹ̀ ń ro ó, nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1907 ni ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn abẹ́ omi, èyí tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Egerton pè, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹnu ọ̀sà náà. Ní 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun kí ìgbì má baà máa dá iyanrìn padà. Láti Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà; ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o wá sí Èkó. Nígbà tó fi máa di 1914, àwọn ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé. Òkúta yẹn kan náà ló dáàbò bo etíkun kékeré kan tí omi rẹ̀ tòrò, tí à ń pè ní Tarkwa Bay. Àwọn tó to òkúta kò ní ibi ìgbafẹ́ lọ́kàn. Ọkọ̀ ajé ni wọ́n ń ṣọ̀nà fún. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà Ajégúnlẹ̀ rí ìsinmi níbẹ̀.

Ilẹ̀ Apapa fúnra rẹ̀ kò bọ́ sọ́wọ́ ìjọba láìsí ẹjọ́. Ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tó ni ilẹ̀ ní Èkó, ló ni ín. Nígbà tí ìjọba gbà á ní 1913, ọ̀rọ̀ owó tó yẹ kí wọ́n san dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Olóyè Amodu Tijani tó wà lórí oyè Olúwa gbé ẹjọ́ náà dé ìgbìmọ̀ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ará Èkó nì, bá a lọ ní 1920. Ní oṣù Keje ọdún 1921, wọ́n dá a láre: ìjọba gbọ́dọ̀ san owó ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwùjọ ni ní tòótọ́. Ọdún yẹn kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ibi ìgúnlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ ńlá ní Apapa, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1926. Wharf Road wá di ọ̀nà ẹnu ibodè.

Àjàkálẹ̀ àìsàn tí eku ń gbé kiri kọlu Èkó ní 1924. Ẹ̀rù rẹ̀ ló mú kí ìjọba dá LEDB, àjọ ìdàgbàsókè ìlú Èkó, sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Láti nǹkan bí 1950 ni LEDB ti wá pín Apapa sí àdúgbò àwọn ọ̀gá, àdúgbò ilé iṣẹ́ àti ojú títì gbọọrọ. Àwọn tó ń gbé ẹrù, tó ń ka ẹrù, tó ń gbálẹ̀ ilé ọ̀gá, kò ní àyè nínú ètò yẹn. Lẹ́yìn Boundary, ààlà Apapa àti Ajégúnlẹ̀, lórí ilẹ̀ àbàtà, ni wọ́n kọ́ ilé tiwọn sí. Bí Ajégúnlẹ̀ ṣe kún nìyẹn: Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìgbò, Haúsá, àti àwa Ẹ̀gbá tí a tẹ̀ lé ọkọ̀ ojú irin wá.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí àìsàn rẹ̀ bá kọjá agbára dókítà ilé, tó sì lówó lọ́wọ́ tàbí tí ìjọba rán, Wharf Road ló ń gbà lọ sí ìlú òyìnbó. Ilé iṣẹ́ Elder Dempster ló ni àwọn ọkọ̀ òkun tó ń gbé wọn lọ. Ogun Hitler rì ọkọ̀ wọn Accra àti Apapa ní 1940. Lẹ́yìn ogun, wọ́n kan Accra tuntun ní 1947, Apapa tuntun ní 1948, Aureol sì dé ní 1951. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni láti Liverpool dé Apapa. Bàbá mi sọ fún wa pé bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ṣí, aṣọ ẹbí ni ìdílé máa ń wọ̀ wá sí wáàfù, pẹ̀lú ìlù àti oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ń sin akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní òun mọ àwọn tó ń sin aláìsàn: wọ́n tètè ń dé, wọ́n máa ń rìn yí èbúté ká pẹ̀lú ẹni náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi kéréènì àti ọkọ̀ hàn án, wọ́n ń ra ọsàn fún un, títí fèrè ọkọ̀ yóò fi dún. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́ ohun tí òun ṣe nígbà tó kan òun.

Kí n tó sọ ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àṣà wa wí. Bí àìsàn bá wọ ara ẹnì kan nílẹ̀ Yorùbá, ilé ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tó wà ní oko á wọ ìlú, ẹni tó wà ní Èkó á padà sílé bàbá rẹ̀. Àwọn àgbà á gbọ́, wọ́n á wádìí, wọ́n á ṣètò ibi tí yóò ti gba ìtọ́jú. Bó bá jẹ́ ilé oníṣègùn ni, ẹnì kan nínú ẹbí á bá a gbé níbẹ̀. Nígbà tí ìjọ Aládùúrà gbilẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìsọjí Iléṣà ní 1930, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aláìsàn lọ sí ilé àdúrà. Kò sí èyí tí aláìsàn ń dá lọ. Èyí dára gan-an. Àìsàn ẹnì kan jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ilé.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ dókítà kó wàhálà bá àṣà yìí. Ìyá bàbá mi dàgbà ní Abẹ́òkúta nígbà tí Fáàdà Coquard ń la inú àwọn èèyàn ní ọsibítù Lántòrò, èyí tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní 1895. Ìyá àgbà sọ fún wa pé àwọn tó bá jáde láàyè níbẹ̀, ìlú máa ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ti ọ̀run dé. Bí ẹnì kan bá wá sílé wí pé dókítà fẹ́ la òun, ẹkún ni ilé á kọ́kọ́ bú sí. Bàbá kan á ní bàbá òun kò dá irú rẹ̀ rí. Ìyá kan á ní òun lálàá. Ọjọ́ tí dókítà dá á sì kọjá lọ. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn ní 1957, tí ọsibítù LUTH sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní 1962, ẹ̀rù yìí kò kúrò. Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì, mo rí ọ̀pọ̀ ẹni tó dágbére pé òun ń lọ gbàdúrà sílé kí òun tó wá ṣe iṣẹ́ abẹ, tí a kò rí mọ́. Àwọn mìíràn padà nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Inú èyí ni ọ̀rọ̀ bàbá mi bọ́ sí ní ọdún 1971.

Kílàkì tó ń ka ẹrù ni bàbá mi, tálì kílàkì ni wọ́n ń pè é. Ìwé gbọọrọ àti pẹ́ńsù ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń fi ọwọ́ di ikùn mú fún ìgbà pípẹ́; ó ń mu àgbo, ó ń mu oògùn funfun inú ìgò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà ní LUTH sọ pé ọgbẹ́ inú ni, ó ti jinlẹ̀ kọjá oògùn, àwọn yóò gé lára àpòlúkù rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kó wá gba bẹ́ẹ̀dì ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà ní ọjọ́ kejì rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Màmá mi ti di ẹrù kalẹ̀ láti alẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí a wọ ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí àwọn àgbà gbàdúrà fún un, kí á sì padà lálẹ́. Bàbá mi jáde láti ìdí ìwẹ̀, ó ní:

“Ìyá Ìbejì, múra àwọn ọmọ. À ń lọ sí Tarkwa Bay.”

Màmá mi rò pé ibà ló ń dà á láàmú. “Bàbá Ìbejì, ara yín ò kúkú yá. Ọ̀la lẹ̀ ń wọ ọsibítù. Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe létí òkun?”

“Bí mo bá dé Abẹ́òkúta lónìí, ẹkún ni wọ́n máa fi pàdé mi. Ẹ̀gbọ́n á ní kí n má lọ, mi ò sì lè já ẹ̀gbọ́n níyàn lójú. Èmi ti pinnu pé mo máa lọ. O ṣáà mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá fẹ́ wọ dọ́kì fún àtúnṣe, wọn a kọ́kọ́ já ẹrù inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n já tèmi.”

Màmá mi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀gẹ̀dẹ̀. A di dòdò, búrẹ́dì Àgége àti ẹyin sísè sínú abọ́ tánganran, a bu omi sínú ìgò. Bàbá mi kò lè jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ògì ló bu fún un sínú fíláàsì. Àwọn ìbejì kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mo di Kẹ́yìndé lọ́wọ́ mú.

A fẹsẹ̀ rìn láti Boundary wọ Apapa. Ojú ọ̀nà dá, nítorí ọjọ́ Àìkú ni. Bí a ṣe bọ́ sí Wharf Road, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Níbi géètì kan ó ní, “Ibí ni mo ti kọ́kọ́ gba iṣẹ́, ẹ̀wù àyálò ni mo wọ̀.” Níwájú ilé ìkẹ́rùsí kan ó ní, “Inú ibí ni mo wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé màmá yín ti bímọ, pé méjì ni.” Àwọn mẹ́gàádì dá a mọ̀, wọ́n kí i, wọ́n bi í léèrè ara. Ó dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí inú bá ro ó, ó máa dúró, á fara ti ògiri, màmá mi á dúró tì í, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kí á padà.

A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Apapa kọjá sí Marina ní erékùṣù Èkó. Ọkọ̀ funfun ńlá, Aureol, gúnlẹ̀ sí wáàfù lọ́jọ́ náà. Bàbá mi fi hàn wá, ó ní bó bá jẹ́ pé ọlọ́rọ̀ ni òun, inú èyí ni òun ìbá wọ̀ lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n pé Ìdí-Àràbà súnmọ́lé, àwọn dókítà wa sì wà níbẹ̀. Ìgbéraga wà nínú ohùn rẹ̀. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

Láti Marina a tún wọ ọkọ̀ kékeré kan lọ sí Tarkwa Bay. Nígbà tí a rí òkúta tí wọ́n tò sínú òkun, ó ní kí a wò ó dáadáa: òkúta Ẹ̀gbá ni, láti Aro ni wọ́n ti gbé e wá, àwọn ọmọ Abẹ́òkúta wà lára àwọn tó fọ́ ọ. Ó yíjú sí màmá mi. “O ní kí á lọ sí Abẹ́òkúta. A ti dé ibẹ̀ nìyí.” Màmá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní etíkun, àwọn ìbejì bọ́ sómi. Bàbá mi jókòó sórí ìró tí màmá mi tẹ́, ó sì ṣe ohun tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó sọ ibi tí ìwé owó tó fi pamọ́ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Ó sọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó àti ẹni tí òun jẹ. Ó sọ oṣù tí èsúsú máa kàn án. Ó pè mí, ó ní bí òun bá pẹ́ ní ọsibítù, n kò gbọ́dọ̀ fi ilé ìwé sílẹ̀ láti lọ kiri ọjà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó sì lọ dúró sínú omi láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó pẹ́ ní bẹ́ẹ̀dì, ó rù, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò kú títí di 1994. Ọwọ́ àwọn dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ará wáàfù fi sílẹ̀ fún un àti àánú Ọlọ́run ló gbà á là. N kò ní sọ pé òkun ló wò ó sàn. Ohun tí òkun ṣe ni pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Ìdí-Àràbà ní ọjọ́ Ajé, kò padà lẹ́yìn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò tíì sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ àwọn ará ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bínú gidigidi pé wọ́n ti la àbúrò òun kí òun tó gbọ́. Ó pẹ́ kó tó yọ́nú sí màmá mi, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bàbá mi lọ dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún bí ó ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ṣì í ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ló ní òdodo lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ń dáàbò bo àṣà tí kò jẹ́ kí aláìsàn dá wà. Bàbá mi di àṣà náà mú. Ohun tó yí padà ni ibi tó darí rẹ̀ sí. Ó kó ẹbí rẹ̀ jọ, ó sọ̀rọ̀, ó gbàdúrà, lẹ́yìn náà ó lọ síbi tí ìtọ́jú wà.

Àwọn tí a jọ ń gbé ojúlé kan náà rí i. Nígbà tó kan ará Ùròbò kan tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá, ó kó ìyàwó àti ọmọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá kan tó jẹ́ Ìgbò, tí ìju wà nínú rẹ̀, kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí etíkun Bar Beach. Nígbà tí ibi ìṣeré Apapa Amusement Park dé, àwọn tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn rí ibi tó súnmọ́lé. Kò sí ẹni tó ṣòfin rẹ̀. Owó ọkọ̀ àti abọ́ oúnjẹ kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ohun tó jọ èyí di ẹgbẹ́ ńlá. Ní 1980, ọmọdékùnrin ọlọ́dún méje kan ní Arizona, Christopher Greicius, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, fẹ́ jẹ́ ọlọ́pàá. Àwọn ọlọ́pàá gbé e sínú hẹlikópítà wọn, wọ́n rán aṣọ iṣẹ́ fún un, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀kan lára wọn kó tó kú. Láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Make-A-Wish ti jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé àwọn alágbàrù àti kílàkì Ajégúnlẹ̀ ti ní òye yìí ṣáájú, láìsí ẹgbẹ́ àti láìsí ẹni tó fún wọn lówó.

Ohun tó ba àṣà wa yìí jẹ́ ni ohun tó ba Wharf Road jẹ́. Ní 1975, owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, ìjọba sì ti pàṣẹ nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì. Ọkọ̀ tó ju irinwó lọ tò sójú òkun Èkó, wọn kò rí ibi gúnlẹ̀ sí. Wọ́n sáré kọ́ èbúté Tin Can, wọ́n ṣí i ní 1977. Kọ̀ǹténà dé, iṣẹ́ àwọn tó ń ka ẹrù àti àwọn tó ń gbé e dínkù, tírélà sì pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó yẹ kó máa kó ẹrù kúrò ní èbúté rọ. Aureol ti fi ojú omi wa sílẹ̀ láti 1974. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ni aláìsàn tó ń lọ sí òkèèrè ń gbà báyìí. Àwọn ilé ìfepopamọ́ kún Apapa. Ní 2006, ìjọba fi èbúté lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ẹrù pọ̀ sí i, ọ̀nà kò fẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di bí ọdún 2012 sókè, tírélà ti ń sùn lórí afárá àti ojú títì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn ọlọ́rọ̀ kó kúrò ní Apapa. Àwa tí a wà ní Ajégúnlẹ̀ kò ní ibi tí a máa kó lọ.

Ní 2018, àìsàn kan àbúrò mi, Kẹ́yìndé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ọjọ́ yẹn. Kókó wà nínú ìfun rẹ̀. Ó ku ọ̀la kó wọ ọsibítù, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣe bíi ti Bàámi.” Mo pe ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, a wọ ọkọ̀ láti Boundary, a fẹ́ lọ sí Liverpool ti Apapa, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wà. Wákàtí ń gorí wákàtí, a wà láàárín tírélà. Èéfín ń wọlé, Kẹ́yìndé ń làágùn. Nígbà tí a rí i pé kò lè fara dà á mọ́, a gba ọ̀kadà méjì padà sílé. Ní iyàrá rẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú fèrèsé títì nítorí ariwo. Ó la iṣẹ́ abẹ náà já, ó sì gbé nǹkan bí ọdún méjì lé e lórí. Ó máa ń sọ ọ́ fún mi, títí tó fi kú, pé ọjọ́ yẹn dun òun. N kò rò pé ó yẹ kí ìlú fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ du èèyàn.

Nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi, mo gba aláìsàn wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo lè sọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí wọ́n gbé wá láti inú ìjà ẹbí àti ẹni tó ti lo ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni kejì yìí máa ń mọ ohun tó fẹ́ bi dókítà. Ó máa ń jẹ́ kí a fún òun ní abẹ́rẹ́. Ó ti dá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún òun mọ̀. Ẹ̀rù lè máa bà á, ṣùgbọ́n kì í sá.

Wọ́n ti tún Wharf Road ṣe. Láti 2017 ni Dangote, Flour Mills àti Aláṣẹ Èbúté, NPA, ti para pọ̀ da kọnkéré sí i, kìlómítà méjì, ní owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, NPA bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń pe tírélà wọlé ní àsìkò tó kàn án, orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì fún un, Ètò. Ojú irin tuntun ti wọ inú èbúté. Ní Ìdí-Àràbà, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti wà láti 2019, àwọn tó sì ń ti Ajégúnlẹ̀ lọ síbẹ̀ kò kéré. Nítorí náà mo ní ọ̀rọ̀ méjì láti sọ.

Ẹ̀yin tó ń ṣàkóso èbúté àti ojú omi Èkó, ẹ rántí pé èèyàn ń gba ọ̀nà yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tírélà tún padà sùn sí i. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó dára, tó ní ẹ̀wù ìdáàbòbò fún gbogbo èrò, tí owó rẹ̀ kò ga ju agbára òṣìṣẹ́ lọ, máa ná Apapa sí Marina àti Tarkwa Bay, pàápàá ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìtọ́jú fún ẹni yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ara rẹ̀ gba ìrìn, nítorí àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n wọ àárín èrò. Ẹ má jẹ ohun tí wọ́n ní kí ẹ má jẹ. Bí wọ́n bá gbà fún yín, ẹ gbé e jáde. Ibi tó súnmọ́lé tó. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ẹ má sunkún dá a lẹ́nu. Kí ẹ sì rí i dájú pé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dé ọsibítù ní àkókò tí wọ́n dá.